2 oṣù kẹjọ tún dé o: níbo lẹ wà nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ pé Fẹlá kú?

Ọmọ Mushin: Ẹ kú àárọ̀ o. Òní ni Fẹlá kú ní 1997, ẹni ọdún 58. Mo kéré nígbà yẹn ṣùgbọ́n mo rántí pé bàbá mi pa rédíò, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin ńkọ́?

K_Abẹ́òkúta: Ṣé kì í ṣe ọjọ́ kẹta ni?

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ kejì ni, Sátidé. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Dókítà Olikoye, sọ fáwọn oníròyìn pé éèdì ló pa á.

Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà: Mo wà ní TBS (Tafawa Balewa Square, l'Ékòó) lọ́jọ́ 11 tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú pósí onígíláàsì, oòrùn ń ta, èrò ò lóǹkà, obìnrin kan tó ń ta gúgúrú wà níwájú mi, nígbà tó kàn án ó sọ igbá ẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbalaja. Lọ́jọ́ 12 ni wọ́n sin ín síwájú ilé ẹ̀ ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá, n'Íkẹjà.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú lọ́dún yẹn náà, ṣáájú Fẹlá. Àìsàn kan náà. Wọ́n ní ìyàwó ẹ̀ ló pa á, wọ́n lé e jáde tòun tọmọ, kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ àrùn yẹn nílé wa. Ìgbà tí Olikoye, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, wá dárúkọ ohun tó pa àbúrò ẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, màmá mi wọ yàrá lọ sunkún. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé kó máa bọ̀ nílé.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ṣé ó wá?

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ó wá mà. Ọmọ yẹn ti di lọ́yà.

Jagun: Èmi ò gbà pé éèdì ni o. Ìyà táwọn ṣọ́jà fi jẹ ẹ́ ní 1977 ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ńkọ́?

Ọmọ Mushin: Jagun, dókítà ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ọmọ ìyá ẹ̀ sì ni. Kí ló fẹ́ fi parọ́ jèrè? Ṣé o ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ sókè yìí ṣá?

Jagun: Mo kà á. Nọ́ọ̀sì, ẹ máà bínú. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.

Tíṣà Lítíréṣọ̀: Òní náà ni wọ́n bí James Baldwin, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, 1924. William Burroughs, òǹkọ̀wé bíi tiẹ̀, náà kú lọ́jọ́ kan náà gan-an pẹ̀lú Fẹlá, ní Amẹ́ríkà.

K_Abẹ́òkúta: 15 oṣù kẹwàá tí wọ́n bí i ló yẹ ká máa ṣe jàre. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù Kalakuta nínú ilé ẹ̀ yẹn ní 2012.

Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà: Ẹ ṣe ti ìbí, àwa tá a rí òkú ẹ̀ á ṣe tòní. Tí mo bá ti já èrò sílẹ̀ tán mo ń lọ sí Gbẹ́misọ́lá, ẹni tó bá wà ní Ìkẹjà kó pàdé mi níbẹ̀ ní aago mẹ́rin.