Ike ọṣẹ dúdú: ṣé ìpínlẹ̀ lè yọ̀ǹda owó orí fún mi?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Eérú èèpo kòkó tí mo fi ń se ọṣẹ, Ìdànrè ló ti ń wá. Àdín, Ọjà Ọba níbí ni. Ṣùgbọ́n ike tí mò ń rọ ọ́ sí, Ṣáínà ni! Oṣù mẹ́ta ni mo fi dúró de ti ìkẹyìn. Ìgbà tó dé, ìdérí kò bá ẹnu ike mu, ọṣẹ gbẹ mọ́nú. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí n máa ṣe ike níhìn-ín. Ṣé ìjọba Oǹdó lè yọ̀ǹda owó orí fún mi?

Oníṣirò Owó:
Màmá, ẹ kú ìsapá. Owó orí iléeṣẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Gómìnà kankan ò lè fi jìn yín. Òfin ọdún 1971 tó máa ń fún iléeṣẹ́ aṣáájú (pioneer) ní ìsinmi owó orí fún ọdún 3, tí wọ́n lè fi 2 lé, títí di ìparí ọdún 2025, òfin àpapọ̀ náà ni. Owó ilẹ̀ àti owó C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀, ni ìpínlẹ̀ lè bá yín dín kù.

Ọmọ Igbókòdá:
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ iná kẹ́ ẹ tó wo owó orí. Bí iná bá lọ nígbà tí ike ti yọ́ nínú ẹ̀rọ, ṣe ló máa dì síbẹ̀. Iléeṣẹ́ dígí wà nílé wa, iyanrìn rẹ̀ funfun nini, ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ ibẹ̀ fi dákẹ́. Ó ń dùn mí.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:
Ẹ ṣé gan-an. Màá dé Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, lọ́jọ́ Ajé, kí n béèrè owó ilẹ̀. Ta ló mọ ibi tí iná ti dúró dáadáa lọ́nà Ọ̀bá-Ilé?