Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Nora

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe Nora nínú A Doll's House, eré Henrik Ibsen ti ọdún 1879. Olùdarí wa ní kí n ṣe é bí òpè láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ojú rẹ̀ wá ṣàdédé là níparí. Ọkàn mi ò gbà á. Tí mo bá sì dé ibi tó ti fi ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ohùn mi kì í jáde, torí èmi náà bímọ. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Bọ́láńlé: Àbúrò mi, Nora kì í ṣe òpè rárá! Ta ló wá owó tí wọ́n fi gbé Torvald ọkọ rẹ̀ lọ sí Ítálì nígbà tí àìsàn fẹ́ pa á? Ó yá 4,800 kroner, owó Norway, lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Krogstad, nígbà tí ìyàwó ilé ò lè yáwó láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i. Ó bu ọwọ́ bàbá rẹ̀, tó yẹ kó ṣe onídùúró, lu ìwé gbèsè náà ní 2 oṣù Kẹwàá. Bàbá yẹn ti kú ní 29 oṣù Kẹsàn-án. Òru ló fi ń bá àwọn èèyàn da ìwé kọ kó lè san gbèsè. Tí ọkọ bá pè ọ́ ní ọ̀kẹ́rẹ́, rẹ́rìn-ín, àmọ́ jẹ́ ká rí i pé ò ń ṣírò owó lọ́kàn.

Bàbá Ṣadé: Èmi ò fara mọ́ ìlọ yẹn o. Ní Jámánì lọ́dún 1880, òṣèré kan kọ̀ ọ́, Ibsen sì kọ ìparí míì tí Nora ti rí àwọn ọmọ tí kò lè lọ mọ́. Ẹ lo ìyẹn.

Àǹtí Bọ́láńlé: Ẹ má bínú sà, Ibsen fúnra rẹ̀ ò fẹ́ ìparí yẹn.

Ìyá Ṣeun: Ọmọ mi, wo Anne-Marie, alágbàtọ́ ilé yẹn. Òun náà gbé ọmọ rẹ̀ fún àjèjì kó tó rí iṣẹ́ títọ́ Nora. Ní apá kejì, Nora bi í pé báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe gbà á. Bi í bí ẹni tó ń wádìí bóyá òun náà á lè ṣe é. Ọwọ́ obìnrin tó tọ́ òun dàgbà ló ń fi àwọn ọmọ sí.

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ńṣe ni mo máa ń sáré kọjá lórí ìbéèrè yẹn. Tá a bá ń gbára dì lọ́la, màá bẹ olùdarí kó jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.