«Ẹgbẹ́» ni kí a máa pe module Ruby

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún orúkọ Yorùbá tí a ó fún ohun tí Ruby, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ń pè ní module, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ àti orúkọ tí a lè lò níbi púpọ̀: «ẹ̀ka» àti «àpò». N kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ̀ka kan kì í wà lára igi méjì. Ṣùgbọ́n Comparable, module ìfiwéra, kan ṣoṣo ni kíláàsì (àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan nínú ètò) ọjọ́, kíláàsì owó àti kíláàsì ìwọ̀n lè jọ máa lò. «Àpò» sàn díẹ̀, torí module máa ń kó orúkọ sínú kó má bàa kọlu òmíràn. Math::PI la ń kọ, a kì í kọ PI lásán. Ṣùgbọ́n àpò kì í kọ́ ẹni tó gbé e ní iṣẹ́ kankan. Kíláàsì tó bá ti ní <=>, àmì tó ń fi nǹkan méjì wéra, tó wá kọ include Comparable láti mú module náà wọlé, kíá ló mọ <, > àti between? láìkọ ọ̀kan nínú wọn fúnra rẹ̀.

«Ẹgbẹ́» ni tèmi. Matsumoto, ará Japan tó gbé Ruby jáde ní 1995, kò gbà kí kíláàsì ní ju òbí kan lọ. Bàbá kan ló ń bíni, àmọ́ èèyàn lè wọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kó sì máa jẹ àǹfààní gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ kì í bímọ: ẹ kọ Comparable.new, bí a ṣe ń ní kí kíláàsì dá nǹkan tuntun, àṣìṣe ni yóò gbé jáde. Ti kíkó orúkọ sínú náà bá a mu. Ta ló ń ṣi akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ mú fún akọ̀wé ẹgbẹ́ aláta?

Ẹnì kan ní bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, «egbe» ni yóò dà, kò sì ní yàtọ̀ sí ègbé. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ká fi àmì sí i ni ojútùú rẹ̀. Láti Ruby 2.6, tó jáde ní 2018, orúkọ module lè fi Ẹ tàbí Ọ ńlá bẹ̀rẹ̀. Module Ọjà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Include wá di «wọ ẹgbẹ́». Bí a bá pe iṣẹ́ kan, kíláàsì fúnra rẹ̀ ni Ruby máa ń kọ́kọ́ bi, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́, kó tó kan òbí. Prepend, ọ̀nà mìíràn láti mú module wọ kíláàsì, ló ṣì ń dà mí láàmú, torí níbẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń dáhùn kí kíláàsì tó lanu. Mo ti gbé «fi ẹgbẹ́ ṣíwájú» wò, ó gùn jù. Ẹ bá mi wá èyí tó kúrú.