Géèmù tó dákú àti géèmù tó kú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ dábàá pé kí a fi "ìdákú" túmọ̀ ohun tí àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù ń pè ní crash, ìyẹn kí géèmù ṣàdédé pa dé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn, torí ẹni tó dákú ṣì lè jí. Géèmù tó bá crash ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi "ìdákú" sílẹ̀ fún ohun tó bá a mu. Lórí Windows, bí káàdì àwòrán kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, ojú ẹ̀rọ a ṣókùnkùn, Windows a tún dírébà (ètò tó ń darí káàdì náà) gbé dìde, àwòrán a sì padà. Nọ́ḿbà 4101 ló máa kọ sínú àkọsílẹ̀ System ní Event Viewer, ibi tí Windows ti ń fi àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn. Ìdákú gan-an nìyẹn. Ooru àti eruku inú fáànù wà lára ohun tó ń fà á.

Fún crash, "kú" ti tó. Àmọ́ ká ya èyí tó kú fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n pa, nítorí àtúnṣe wọn ò jọra rárá. Linux, ètò ìṣiṣẹ́ ẹ̀rọ bíi Windows, ló ń fi í hàn kedere jù. Ẹ ṣí géèmù láti inú terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ; bó bá ti lọ, ẹ tẹ echo $? lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lè rí nọ́ḿbà tó fi jáde. Bí 139 bá jáde, ó kú fúnra rẹ̀: ó fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. Irú ikú yìí náà ni Windows ń pè ní 0xc0000005, lábẹ́ nọ́ḿbà 1000 nínú àkọsílẹ̀ Application. Mac ń pè é ní EXC_BAD_ACCESS, nínú Crash Reports tó wà ní Console, áàpù àkọsílẹ̀ Mac. Ti Windows, ibi tó kọ "Faulting module name" sí ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ nvwgf2umx.dll, dírébà NVIDIA ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bó bá jẹ́ 137, wọ́n pa á ni. Ẹ tẹ dmesg, àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ Linux hàn: bó bá jẹ́ mẹ́mọ́rì ló tán, ẹ máa rí "Out of memory: Killed process" níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ tún géèmù fi sórí ẹ̀rọ. Ẹ ti búráúsà, tàbí kí ẹ fi kún swap, ìyẹn àyè orí díìsìkì tí ẹ̀rọ ń lò bíi mẹ́mọ́rì.

"Ìjákulẹ̀" tí ẹnì kan tún mú wá, mi ò gbà á rárá. Ìjákulẹ̀ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lédè wa, nẹ́tíwọ̀kì ló sì ń já. Géèmù tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ já ṣì wà láàyè.

Iná tí wọ́n mú lọ lójijì ńkọ́? Pípa lèyí náà. Nọ́ḿbà 41, Kernel-Power, lẹ máa bá nínú System. Àmọ́ géèmù tí iná pa nígbà tó ń gba àfikún lọ́wọ́ lè wá máa kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà, torí fáìlì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní Steam, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ orúkọ géèmù náà, ẹ wọ Properties, lẹ́yìn náà Installed Files, kí ẹ wá tẹ Verify integrity of game files. Fáìlì tó bàjẹ́ nìkan ni yóò tún gbà, dátà yín ò ní jó tán.