Ọkọ̀ ò fà mọ́, iná ẹ́ńjìnì sì tàn: ẹ sọ tiyín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìnáwó mọ́tò o. Tèmi rèé. Tókunbọ̀ ọdún 2001 ni mò ń wà n'Íbàdàn. Lójú títì tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè Mápó, màá tẹ tọ́tù kanlẹ̀, yóò máa wọ́ bí arúgbó tó ru igi. Ni iná ẹ́ńjìnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn, kò kú mọ́. Mẹkáníìkì ní pọ́ǹpù epo ni. Rẹ́wáyà so ẹ̀rọ scan mọ́ ọn, kóòdù P0171 ló gbé jáde, ló bá ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ òkísíjìn, èyí tó máa ń wà lára páìpù èéfín, ní Géètì.

Mo ní kó dúró ná. P0171 ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kankan bàjẹ́. Ohun tó ń wí ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnì. Ó lè jẹ́ fílítà epo ló dí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù lóòótọ́, afẹ́fẹ́ sì lè máa gba ibi tí kò yẹ wọlé. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ rọ́bà káàkiri. Èyí tó ti ẹ̀yìn sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ (òun ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé) lọ sẹ́nu ẹ́ńjìnì ti là lábẹ́, níbi tójú ò tó. Tí ẹ́ńjìnì bá mì lórí òkè, á tún là sí i. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé, sẹ́ńsọ̀ ò kà á, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò sì fún un lépo. A pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n pa kóòdù rẹ́, ó gun Mápó.

— Tèmi yàtọ̀ o. Èkó ni mo wà. Iná tèmi kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú ni: kọ́ìlì kan, èyí tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, ti kú, epo tí ò jó ń ṣàn lọ sínú kátálíìsì, àgbá tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù èéfín, ó sì sun ún títí tó fi dí. Iná tó bá tàn gbọnin, ẹ lè rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Èyí tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ tọ́tù, kẹ́ ẹ páákì. Mẹkáníìkì mi tú sẹ́ńsọ̀ òkísíjìn iwájú kí èéfín lè ráyè jáde, ni ọkọ̀ bá jí, pẹ̀lú ariwo! Àwọn tó ní kí n gé kátálíìsì dà nù, àwọn náà ló fẹ́ rà á. Wọ́n mọ̀ pé platinum àti palladium wà nínú ẹ̀.

— Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn, ṣé rọ́bà tuntun lẹ rà àbí tókunbọ̀?

— Tókunbọ̀ ni, sà. Ẹ fọwọ́ ká a wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ti le gbagidi, ẹ dá a padà fún wọn.