Hamartia: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí ìtàsé?

Hamartia ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Aristotle, amòye Gíríìkì ìgbàanì, fi pe ohun tó ń gbé akọni eré ìbànújẹ́ ṣubú, bá a ṣe máa pè é ní Yorùbá là ń fà. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká kúkú pe hamartia ní "ẹ̀ṣẹ̀" torí pé bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì pè é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn o. Lóòótọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú Iliad, ewì ogun Gíríìkì àtijọ́, tí jagunjagun bá ju ọ̀kọ̀ tí kò ba ẹni tó jù ú sí, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bí hamartia ni Homer tó kọ ọ́ ń lò, pé ó tàsé, ó tán. Ìgbà tí àwọn Júù Alẹkisáńdíríà wá ń túmọ̀ Òfin Mósè sí Gíríìkì ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú Kristi, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa pe ẹ̀ṣẹ̀, hamartia ni wọ́n mú, èyí tó sì wú mi lórí jù ni pé ọ̀rọ̀ Hébérù fún ẹ̀ṣẹ̀ gan-an, ìtàsé wà nínú ẹ̀! Ẹ ṣí Onídàájọ́ 20:16, àwọn 700 ọlọ́wọ́ òsì tó lè fi kànnàkànnà sọ òkúta ba fọ́nrán irun láì tàsé, gbòǹgbò kan náà ni "tàsé" tibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀.

Àmọ́ lédè tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni téèyàn ṣẹ̀. Nínú Orin Dáfídì 51, Ọlọ́run ni Dáfídì ń bẹ̀. Oedipus, ọba inú eré Gíríìkì, ńkọ́? Wọ́n fẹ́ tì í kúrò lọ́nà ní oríta mẹ́ta, bàbá àgbà inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin nà án lórí, òun náà lù ú pa, kò mọ̀ pé bàbá tó bí òun ni, àsọtẹ́lẹ̀ pé ó máa pa bàbá rẹ̀ tó ń sá fún ló sá lọ bá. Aristotle ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣèkà, hamartia ló gbé e ṣubú. Ẹ kọ "ẹ̀ṣẹ̀" síbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa wá ibi tó ti tọrọ ìdáríjì. "Àléébù" tí ẹnìkan dábàá ò ṣeé lò, ara èèyàn ni àléébù wà, ohun téèyàn ṣe lèyí. "Àṣìṣe" sì fúyẹ́ jù, ẹni tó da omi nù náà ṣe àṣìṣe.

Ìtàsé ni témi, ọlọ́fà fojú sun ún dáadáa, ibòmíì ló bà.

Tẹ́ ẹ bá wá ń túmọ̀ Samson Agonistes tí Milton, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1671, ìtàn Hébérù tó fi ìlànà eré Gíríìkì kọ, ẹ máa nílò méjèèjì. Àṣírí Ọlọ́run tí Sámúsìnì tú, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe gbọ́kàn lé Dẹ̀lílà, ìtàsé ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó jù ú lọ kó gbé e wá, àmọ́ ẹ má fi ẹyọ kan ṣoṣo pa méjèèjì pọ̀.