Mini 1983 tàbí Mini 1998? Ẹ gbà mí o, wọ́n ń retí owó lọ́la

Ọmọ Abẹ́òkúta, Peckham: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí! Mini méjì, iye kan náà. Ọ̀kan 1983, 998cc, kabúrétọ̀. Èkejì 1998, 1275cc MPi (ẹ́ńjìnì tó ń fọ́n epo, kò ní kabúrétọ̀), ó ń dán gbinrin. Mo ti fi £500 sílẹ̀ lórí ti 1998, ẹnìkan wá ní kí n má san ìyókù.

Àgbà Croydon: Dúró! MPi ò kájú Euro 4, òṣùwọ̀n èéfín ọkọ̀. £12.50 ni ULEZ, owó èéfín ọkọ̀ ní London, lójúmọ́ tó o bá gbé e jáde. Tó o bá fi ń lọ síbi iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, £62.50 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ti 1983 ti lé ní 40 ọdún, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì, Lewisham: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣi ọmọ lọ́nà o. Tí wọn ò bá tíì yí i sí historic (ọkọ̀ àtijọ́) nínú V5C, ìwé ọkọ̀, kámẹ́rà á mú un. £180 fáìnì ni mo fi kọ́gbọ́n. £90 ni fún ẹni tó bá san láàárín ọjọ́ 14.

Àgbà Croydon: Ṣebí ìjọba mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n mọ̀, wọn ò ní bá yín yí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń gbé V5C lọ sí Post Office.

Àgbà Croydon: Tèmi ò tiẹ̀ ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, mọ́!

Ìyá Ìbejì: MOT lọ́tọ̀, ULEZ lọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.

Ará Longbridge, Birmingham: Ẹ fi pépà sílẹ̀ ná, ẹ wo irin. Ká kápẹ́ẹ̀tì bùùtù sókè, abẹ́ bátìrì máa ń dógùn-ún. Fi súkúdíráfà gún sill (irin abẹ́ ilẹ̀kùn) àti subframe ẹ̀yìn (férémù tó gbé táyà ẹ̀yìn). Ọ̀pọ̀ ló ń jó irin tuntun lé èyí tó ti jẹrà, wọ́n á wá kùn ún, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba dídán gbọ́.
Ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì àti gíà ń lò nínú méjèèjì: 20W-50, bíi lítà 5, ní gbogbo 3,000 máìlì. Má da 5W-30 sí i láé, eyín gíà á lọ̀ ọ́ dànù. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú da ọ́ìlì nù ní mágnẹ́ẹ̀tì. Tí irin tó lẹ̀ mọ́ ọn bá kúnná bí ẹ̀tù, kò burú. Tó bá jẹ́ wóró-wóró, máa lọ.

Ọmọ Iléṣà, Manchester: A kì í san ULEZ níbí o. MPi ni kó rà! Kò ní distributor (ohun tó ń pín iná fún plug). Ti 1983, ẹ̀yìn grille (àwọ̀n iwájú ọkọ̀) gan-an ni tiẹ̀ wà, òjò á pa á lójú títì àfi tó bá fi rọ́bà bò ó. Final drive (gíà ìkẹyìn tó ń yí táyà) 2.76 ni ti MPi, 70 máìlì ò ní mú un pariwo. Ṣùgbọ́n béèrè rìmóòtù méjèèjì, láìsí rìmóòtù kò ní sítáàtì.

Ìyá Ìbejì: Ti 1983, epo E5 tí ethanol rẹ̀ kéré ni kó máa rà. E10, tí ethanol rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ń jẹ rọ́bà epo. Kó sì máa fi oògùn tó rọ́pò lead (òjé inú epo àtijọ́) sí i, àfi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ valve seat (ibi tí fáàfù ń jókòó lé).

Ará Longbridge: Birmingham ló bí Mini, ẹ gbọ́ tiwa.

Ọmọ Iléṣà: Ẹ bí i tán, ẹ wá ń gba £8 owó èéfín lọ́wọ́ ọmọ yín kó tó wọ àárín ìlú!

Àgbà Croydon: Háà, ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ìjàpá Volkswagen nílé! Mẹkáníìkì á kàn tẹ́tí sí i, á ní kọ́ńtáàtì ló fẹ́ fáìlì.

Ọmọ Iléṣà: Lábẹ́ igi máńgòrò, pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá jẹ ẹ́ ní Rye Lane, ẹ̀yin ará Manchester.

Ọmọ Abẹ́òkúta: £500 mi ńkọ́?

Ọmọ Iléṣà: Ìyá Ìbejì, èló ni wọ́n ń ta abọ́ kan?